Bí A Ti Ń Múra Ọmọ Sílẹ̀ fún Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́

    

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú kíláàsì yìí bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọbìnrin mi ku ọdún kan péré kí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ata ni mo ń tà. Níbo ni n óò ti rí owó yunifásítì?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n dáhùn ní gbangba, nítorí ìbéèrè náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìdáhùn mi ni ẹ ó gbọ́ lónìí.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ara mi.

Abúlé oko kòkó kan lẹ́bàá Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi mọ iṣẹ́ kòkó dáadáa. Bí ó bá ti fọwọ́ kan kòkó lórí ẹní, yóò sọ fún yín bóyá ó ti gbẹ tàbí kò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Ní ọdún 1986, mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Mo ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ọ̀gá ilé ìwé wa sì fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń fún àwọn ọmọ tálákà ní sikọ́láṣíìpù. Sikọ́láṣíìpù ni owó tí a fi ń ran ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè kàwé, tí a kì í gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà ọlidé, mo lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà kí n lè rí owó ra ìwé. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí lẹ́tà dé sílé. Bàbá mi gbà á. Ó rí òǹtẹ̀ lára rẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á fún un? Tíṣà kan ń gbé ní òdìkejì ilé wa, àmọ́ òun àti bàbá mi ń jà lórí ààlà ilẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́ kí tíṣà náà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò mọ̀wé. Ó ní, "Ọmọ mi ló ni lẹ́tà. Bí ó bá dé, yóò kà á." Ó fi lẹ́tà náà sínú àpò dàńṣíkí rẹ̀. Ó ń gbé e lọ sí oko, ó ń gbé e bọ̀ wálé.

Ọjọ́ Sátidé ni mo dé. Mo ya lẹ́tà náà, mo kà á. Wọ́n ní kí n wá sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo? Èyí tó ti kọjá ni! Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti bàbá mi mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n. Ọkùnrin tí a bá nídìí tábìlì kò tilẹ̀ gbójú sókè wò wá. Ó ní, "Ọjọ́ ti kọjá. A ti fún ẹlòmíràn." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkùnrin tó tó bí ní ọmọ. Kò mú nǹkan kan yí padà. Nígbà tí a ń padà bọ̀, bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá afárá odò Ọ̀ṣun. Nígbà náà ni ó ní, "Ọmọ mi, lẹ́tà náà wà lára mi ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mo di tíṣà, mo di hẹdimásítà, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ló wù mí láti ṣe. N kò dá bàbá mi lẹ́bi. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ́ àgbà ní ìwé lónìí. Ẹ̀yin ti mọ̀wé kà báyìí. Irú ohun tó ṣe bàbá mi kò gbọdọ̀ ṣe yín mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dá sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọmọ tálákà tó kàwé kì í ṣe ohun tuntun. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò tíì dàgbà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Onírúurú iṣẹ́ ni ó ṣe kí ó lè jẹun, kí ó sì lè kàwé. Ó ń jókòó sílé ka ìwé fún ìdánwò Yunifásítì London. Ní ọdún 1944, ó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ó sì di lọ́yà ní ọdún 1946. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀ dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà tí a ní nílẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ọdún 1955 yẹn ni wọ́n gbà wọlé.

Àwọn ìlú náà kò ká ọwọ́ gbera. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará Ibibio ṣe ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ wọn dá owó jọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì fi rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá owó náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Ohun kejì: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ìrókò bá dàgbà tán, apá kò ní ká a mọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í bèèrè ọ̀rọ̀ yunifásítì àfi ìgbà tí ọmọ bá ti jáde ilé ìwé. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Ìgbà tí ọmọ bá wọ ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀nà ti pínyà. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti pín in sí ọ̀nà sáyẹ́ǹsì, tàbí ọ̀nà iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àti ìtàn, tàbí ọ̀nà òwò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tẹ̀lé ọ̀rẹ́ lọ. Ẹ bi í pé, "Iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe?" Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kí ẹ béèrè pé, "Ẹ̀kọ́ wo ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́?"

Ọmọ tó bá fẹ́ di dókítà yóò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Bàyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì nínú ìdánwò JAMB. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà yóò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà kò gbọdọ̀ fi Lítíréṣọ̀ sílẹ̀. Mo mọ ọmọ kan tó fẹ́ di dókítà, tí kò ṣe Kẹ́mísìrì rárá ní ilé ìwé. Kò sí ẹni tó sọ fún un títí ó fi jáde.

Ìdánwò pàtàkì méjì ni ọmọ yóò là kọjá. Àkọ́kọ́ ni ti WAEC tàbí ti NECO, èyí tí a ń ṣe ní ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó yẹ kí ọmọ gba kírẹ́díìtì nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì gbọdọ̀ wà nínú wọn. Ìṣirò sì wà nínú márùn-ún náà fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ìdánwò kejì ni ti JAMB. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 400 lápapọ̀. Láti ọdún 2015, kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ fi ń ṣe é. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò máa wá ibi tí lẹ́tà wà, aago yóò sì máa lọ. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀, ẹ wá ibi tí ọmọ yóò ti máa fi kọ̀ǹpútà kọ́ra.

Ohun kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi yóò fi kún un lónìí pé, ìwé là ń wò kí a tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọmọ kan wà. Fọláṣadé ni ó jẹ́ nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ní ilé ìwé, wọ́n kọ Ṣadé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sarah ni. Ọmọ kan ṣoṣo ti di ènìyàn mẹ́ta! Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù, wọn yóò béèrè pé, "Ta ni Ṣadé? Ta ni Sarah?" Owó yóò sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Láti ọdún 2021, ọmọ kò lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB láìní nọ́ńbà NIN. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni yóò tẹ̀ lé ọmọ káàkiri. Kí ó bá ti WAEC mu, kí ó bá ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mu, kí ó bá ti báǹkì mu. Ẹ má ṣe dín ọjọ́ orí ọmọ kù, ẹ má ṣe fi kún un. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí tí àkókò ṣì wà.

Ohun kẹrin: ẹ ra fáìlì kan. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sí ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ni kí ẹ máa fi àwọn ìwé rẹ̀ sí: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìbílẹ̀ ni láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, èsì ìdánwò gbogbo kíláàsì, fọ́tò, àti ìwé ẹ̀bùn kéékèèké tí ọmọ gbà ní ilé ìwé. Kí ẹ fi fáìlì náà sí ibi tí òjò kò ní dé, tí eku kò sì ní dé. Mo ti rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣe é kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Láti ọdún 2009 ni sikọ́láṣíìpù Agbami, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa epo, ti ń ran àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àti ẹnjiníà lọ́wọ́ ní àwọn yunifásítì wa. Àjọ MTN Foundation ń ran àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, ó sì ní èyí tó yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú. Àjọ Mastercard Foundation bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2012 fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí orí wọn pé tí òbí wọn kò sì lówó. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa ń fún ọmọ ìbílẹ̀ ní owó ìrànwọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Púpọ̀ nínú owó wọ̀nyí, ìgbà tí ọmọ bá ti wọ yunifásítì tán ni wọ́n ń fún un. Ti MTN, ó di ọdún kẹta kí ọmọ tó lè béèrè. Nítorí náà, kí òbí má ṣe ná gbogbo owó tán lórí ayẹyẹ ọjọ́ tí ọmọ wọlé. Ọdún kìíní ni ó le jù. Ọdún yẹn ni kí ẹ fi àjọ àti èésú dúró dè. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa níbí lè dá owó fọ́ọ̀mù JAMB fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọọdún. Àwọn ará Ibibio ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 1938.

Owó mìíràn wà tí kì í ṣe ẹ̀bùn. NELFUND ni wọ́n ń pè é. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Owó àyálò ni fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún tààrà. Òfin náà sọ pé ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí ìsìnrú ìlú ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò sì máa yọ. Ó dára bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n gbèsè ni. Kí ọmọ mọ̀ pé gbèsè ni. Ẹ ka gbogbo ohun tó wà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Níbi tí oyin bá wà, ìkamùdù kò ní jìnnà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé, "Ẹ san owó díẹ̀ kí ọmọ yín lè rí sikọ́láṣíìpù gbà," ẹ sá fún un. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín. Bí ó bá béèrè nọ́ńbà àṣírí tí ẹ fi ń gba owó ní báǹkì, olè ni. Bákan náà ni àwọn tó ń ta ìdáhùn ìdánwò. Bí wọ́n bá mú ọmọ, WAEC yóò fagi lé èsì rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà yóò sì parẹ́ ní ọjọ́ kan.

Àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù sábà máa ń ní kí ọmọ kọ ìtàn ara rẹ̀. Kí ọmọ kọ òtítọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ń ta ata, kí ó kọ ọ́. Bí ó bá ń jí ní agogo márùn-ún láti bá ìyá rẹ̀ ru ata lọ sí ọlọ kí ó tó lọ sí ilé ìwé, kí ó kọ ọ́. Kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ òtítọ́. Àwọn ọmọ kan ti yá lẹ́tà ọ̀rẹ́ wọn dà kọ, gbogbo rẹ̀ wá dọ́gba bí ẹyin adìyẹ. Àwọn tó ń kà á kì í ṣe òmùgọ̀.

Kí n tó jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin bàbá. Ẹ má sọ pé, "Obìnrin ni, ilé ọkọ ló ń lọ." Ní ọdún 2022, obìnrin kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọláṣadé Ògúnṣọlá, di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó. Dókítà ìṣègùn ni. Ẹnì kan ló rán an lọ sí ilé ìwé ní kékeré.

Ìyá aláta, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ béèrè ibi tí owó yóò ti wá. N kò lè ṣèlérí owó fún yín. Àwọn ọmọ tó ń béèrè pọ̀ ju àwọn tó ń rí gbà lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ pé, tí orúkọ rẹ̀ dọ́gba, tí ó sì dé kí ọjọ́ tó kọjá, òun ni wọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí kò gba owó púpọ̀. Ojú tó ń kàwé ló gbà, ẹ sì ti ní in.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ ní kí ọmọ kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá. Kí ẹ̀yin fúnra yín ka orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí ẹ ka ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí lẹ́tà tí a kò tíì ya nínú ilé, ẹ má ṣe fi sí àpò. Ẹ ya á, kí ẹ kà á.

 

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ló dé tí bàbá kò fi lẹ́tà náà fún tíṣà tó wà ní òdìkejì ilé wọn?
2. Ọjọ́ mélòó ló ti kọjá nígbà tí ọmọ náà ka lẹ́tà?
3. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin wo ni ẹni tó fẹ́ di dókítà yóò ṣe nínú ìdánwò JAMB?
4. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín sikọ́láṣíìpù àti owó NELFUND?
5. Kọ orúkọ ọmọ rẹ tàbí ti àbúrò rẹ sínú ìwé rẹ bí ó ti wà lórí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ ní ilé ìwé?